Ògiri Tí Wọn Ò Fẹ́ Ká Tún Ṣe

Ilé bàbá bàbá mi wà ní Ìbéṣe, lórí ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan tó lọ parí sí ọ̀sà. Bí èèyàn bá dúró lójú títì, ilé pẹ̀tẹ́lẹ̀ lásán ló máa rí. Bó bá sọ̀ kalẹ̀ gba ẹ̀yìn, ìgbà yẹn ló máa rí i pé yàrá kan tún wà lábẹ́, tí wọ́n gbẹ́ wọ inú ilẹ̀, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí omi. Bàbá mi ló gbẹ́ yàrá yẹn kó tó fẹ́ ìyá mi. Búlọ́ọ̀kù ni ògiri mẹ́ta, ṣùgbọ́n ìkẹrin, èyí tó gbé ilẹ̀ dúró, kọnkéré ni wọ́n dà á. Òun ló là, òun ló ń jò, òun náà ló sì sọ èmi àti ẹ̀gbọ́n bàbá mi di ọ̀tá.

Ìyá mi kò ní ibòmíràn. Mo fẹ́ kí èyí yé ẹni tó ń kà á kí n tó tẹ̀síwájú, torí ẹbí bàbá mi máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé ó kàn ń ṣe agídí ni. Bàbá mi kú nígbà tí mo wà ní ọdún kejì ní yunifásítì. Ilé bàbá ìyá mi ní Ẹ̀pẹ́ ti wó, wọ́n sì ti ta ilẹ̀ ibẹ̀. Yàrá kan ṣoṣo yìí ló ń sùn sí, ibẹ̀ náà ló ti ń rán aṣọ àwọn ọmọ ilé-ìwé, iṣẹ́ tó fi tọ́ mi dàgbà. Bó bá kúrò níbẹ̀, ó di ẹni tó ń wá yàrá kiri lẹ́ni ọgọ́ta ọdún.

Nígbà tí mo parí iṣẹ́ agùnbánirọ̀ tí mo padà sílé, ìlà tó wà lára ògiri náà, tó rí bí irun tẹ́lẹ̀, ti fẹ̀ débi pé mo lè ki etí káàdì báǹkì mi bọ̀ ọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ láti igun òkè, ó dagun sọ̀ kalẹ̀ títí dé nǹkan bí ìbú ọwọ́ kan sí ilẹ̀. Aṣọ tuntun tí ìyá mi bá ká síbẹ̀ lálẹ́, á ti hu funfun kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ikọ́ ń ṣe é. Nọ́ọ̀sì tó yẹ̀ ẹ́ wò sọ fún un pé kó kúrò níbi tó tutù yẹn tàbí kó jẹ́ kí wọ́n tún un ṣe, oògùn nìkan ò ní ràn án.

Kẹ́mísírì ni mo kà. Ìyẹn ò sọ mí di ẹni tó mọ ògiri, ṣùgbọ́n ó ti mọ́ mi lára láti má gba ọ̀rọ̀ kankan gbọ́ kí n tó wọ̀n ọ́n. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Àgbà, tó ń gbé apá òkè ilé, sọ pé ọ̀sà ló ń gòkè wá. Ìyá mi gbà pé òjò ọdún tó kọjá ló ṣì wà nínú ilẹ̀. Èmi fi pẹ́ńsùlù fa ìlà síbi tí ọ̀rinrin dé lára ògiri, mo kọ aago sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo sì ń ṣe é láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nínú ọyẹ́, nígbà tí ẹ̀kán òjò kan kò bọ́. Ọ̀sà kọ́: ògiri tó kọjú sí i gbẹ táútáú, ilẹ̀ yàrá wa sì ga ju omi lọ. Òjò kọ́. Ọ̀rinrin náà máa ń gòkè lẹ́yìn aago mẹ́fà àárọ̀ àti lẹ́yìn aago méje alẹ́, ó sì ń rùn bí ọṣẹ. Balùwẹ̀ Bàbá Àgbà wà lókè, lẹ́yìn ògiri náà gan-an. Omi rẹ̀ ń dà sínú kòtò kan tí wọ́n kàn kó òkúta sí. Mi ò lè búra pé ibẹ̀ ni gbogbo omi náà ti ń wá. Mo lè búra pé púpọ̀ nínú rẹ̀ ni.

Èèyàn kì í fọwọ́ kan ilé ẹbí láì sọ. Ìyá mi ní ká lọ gba àyè. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, a gòkè lọ. Bàbá Àgbà jókòó, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọ náà ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Ó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Èkó, ọkọ̀ ojú omi ló sì máa ń wọ̀ lọ láti Ìpakodò. Nítorí pé wọ́n ti bí i kí ìyá mi tó wọlé ọkọ, ìyá mi kì í pe orúkọ rẹ̀. Akọ̀wé ló sọ ọ́, ó sì ń kúnlẹ̀ kí i títí dòní.

"Bàbá, a wá tọrọ àyè ni," ìyá mi wí lórí ìkúnlẹ̀. "Ògiri ìsàlẹ̀ yẹn, a fẹ́ dí i kí òjò tó dé. Àwa la máa ṣe é fúnra wa."

"Ẹ̀yin lẹ máa ṣe é," Bàbá Àgbà tún un wí jẹ́jẹ́. "Ìyàwó, ibi tó ti ń dùn mí nìyẹn. A ò tíì pín ilé yìí. Ẹni tó bá ń lẹ símẹ́ńtì mọ́ ilé tí a ò tíì pín, ẹ̀rí ló ń kó jọ. Lọ́la á ní, èmi ni mo tún ibí ṣe, ẹ fi í sílẹ̀ fún mi. Wọ́n ti fi irú ẹ̀ gba ilé lọ́wọ́ àwọn tó gbọ́n jù mí lọ."

"Bàbá, ibi tí mò ń sùn ló ń jò."

"Èmi ni mo ní kó máa jò? Ọ̀sà ni. Bí ibẹ̀ bá tutù jù, Ẹ̀pẹ́ ò jìnnà."

Ọkàn mi sọ pé kí n dákẹ́. N kì í sábà sọ̀rọ̀ láàárín àgbà. Ṣùgbọ́n mo ti wádìí ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu àwọn tó mọ̀ ọ́n, mo sì rò pé òtítọ́ máa tù ú nínú. Mo ní, "Bàbá, kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá tún ilé ẹbí ṣe kò fi ìyẹn di onílé. Fún gbogbo ẹbí ló ṣe é. Ẹ̀rù ò yẹ kó bà yín."

"Ẹ̀rù," ó wí. "Ẹ̀rù rẹ ló ń bà mí?"

Ibẹ̀ ló yẹ kí n dúró sí. N ò dúró. Mo sọ fún un nípa ìlà pẹ́ńsùlù, nípa aago mẹ́fà àti aago méje, nípa òórùn ọṣẹ.

Akọ̀wé ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. "Àbúrò mi, aago mélòó ni mo wẹ̀ lónìí? Mo ti gbàgbé, bá mi wò ó nínú ìwé ẹ."

"Ẹ gbọ́ nǹkan," Bàbá Àgbà wí, kò sì rẹ́rìn-ín. "Bàbá ẹ̀ kú, ó fi ẹni tó máa máa ka iye ìgbà tí mo wẹ̀ sílẹ̀ fún mi."

"Mi ò ka yín, Bàbá. Ògiri ni mo kà."

"Ìwọ yìí, ilé ọkọ lò ń lọ. Kí ló kàn ọ́ kan ògiri? Ẹ má fi símẹ́ńtì kan ibẹ̀. Mo ti sọ tèmi."

Ìyá mi sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá wa. Ó jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó ki òwú bọ abẹ́rẹ́, ó ní, "Lọ sí Ẹ̀pẹ́ lọ́la. Lọ bá mi mú àbúrò mi wá."

"Wọn ò fún wa láyè, Màámi."

"Mo ti tọrọ. Títọrọ ni tèmi."

Àbúrò ìyá mi jẹ́ bíríkìlà. Àwọn ògiri tí wọ́n fi ń dá ọ̀sà dúró lẹ́yìn ilé àwọn olówó ló ń mọ jù ní Ẹ̀pẹ́. Mo bá a níbi iṣẹ́ lẹ́bàá omi, kò jìnnà sí ọjà ẹja, ó ń jẹ ẹ̀bà. Mo fi àwòrán ògiri wa hàn án lórí fóònù mi, pẹ̀lú gbogbo ìlà pẹ́ńsùlù rẹ̀. Ó wò ó dáadáa, ó tún fi ìka nà án kó lè tóbi.

"Ṣé àwọn àna wa gbà?" ó bi mí.

"Wọn ò gbà, Bọ̀ọ̀dá."

"Wọ́n á lù mí?"

"Mi ò rò bẹ́ẹ̀. Wọ́n á kàn bú yín."

"Ìyẹn rọrùn. Gbogbo ẹni tí mo ń bá ṣiṣẹ́ ló ń bú mi," ó wí, ó sì bu omi fọ ọwọ́.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ṣe iṣẹ́ náà. Ọjọ́ kìíní, Bàbá Àgbà pàdé ọlọ́mọlanke tó ń ti iyanrìn wa bọ̀ lójú títì, ó ní kó dá a padà, pé kò sẹ́ni tó ń kọ́lé níbí. Èmi àti ìyá mi lọ fi àpò ìrẹsì ru iyanrìn náà gba ọ̀nà ẹ̀yìn. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó ti ẹ̀rọ omi pa, ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò. A ń pọn omi láti inú kànga ilé kejì. Ó wá gbé àga síta, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn tó sọ̀ kalẹ̀ sọ́dọ̀ wa, ó sì jókòó síbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí ẹni tó ń ṣọ́ ẹlẹ́wọ̀n.

"Ará Ẹ̀pẹ́," ó pè láti òkè. "Ṣé ẹja lẹ fẹ́ sìn sínú ògiri wa ni?"

"Bàbá, ẹ ti fún un lómi tán," àbúrò ìyá mi dáhùn, kò gbójú sókè. "Oúnjẹ ló kù."

Èmi náà bá àbúrò ìyá mi jà, kí n má purọ́. Mo ti rò pé ńṣe ló máa po símẹ́ńtì, kó fi dí ojú ibi tó là. Dípò bẹ́ẹ̀, ó mú ṣísù àti òòlù, ó ń gbẹ́ ìlà náà fẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, títí ó fi fẹ̀ tó ìka méjì. Eruku kún yàrá. Ìyá mi fi ìborùn dí imú.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ ti sọ ọ́ di ihò."

"Símẹ́ńtì kì í di irun mú," ó wí. "Ó fẹ́ ibi tó máa ki eyín bọ̀."

Èyí tó tún le jù ni pé nísàlẹ̀, nítòsí ilẹ̀, ó lu ògiri náà já. Omi tú jáde, ó rí eérú, ó ń hó díẹ̀. Ó ki ọ̀pá ràbá kékeré kan bọ ihò náà, ó fi símẹ́ńtì tó máa ń yára gan yí i ká. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í gba inú ọ̀pá náà ṣàn, díẹ̀díẹ̀, láìdúró. Ó la ojú àgbàrá tín-ín-rín kan sẹ́bàá ògiri, ó darí rẹ̀ gba abẹ́ ilẹ̀kùn jáde sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ẹ̀yìn ilé. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó lọ sùn. Nígbà tó di àárọ̀, mo lọ wo àwọn ìlà pẹ́ńsùlù mi. Gbogbo ibi tó wà lókè ọ̀pá náà ti ń gbẹ, láì tíì fi símẹ́ńtì kàn án. Mo wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní láti gbà pé ó mọ ohun tí mi ò mọ̀.

Ìgbà yẹn ló wá fọ ojú ibi tó gbẹ́, tó po símẹ́ńtì mọ́ ìyẹ̀fun tí kì í jẹ́ kí omi kọjá, tó sì fi dí i. Kó tó lọ ní ọjọ́ kẹta, ó pè mí sídìí ọ̀pá ràbá náà.

"Ìwọ lo kàwé, fetí sílẹ̀. Má dí èyí. Ògiri tí wọ́n bá ní kó máa dá omi dúró, ó máa rẹ̀ ẹ́. Bí o bá dí i, omi náà á wá ọ̀nà mìíràn, ìlà tuntun lo máa rí."

Mo ní mo ti gbọ́. Mo sì ti gbọ́ lóòótọ́.

Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà, Bàbá Àgbà ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá wo ohun tí wọ́n ṣe sí ilé òun, láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Mo ro ohun tó máa rí. Kò ní rí ògiri tó gbẹ. Omi tó ń ṣàn ló máa rí, á sì ní a ti ba ilé jẹ́, kí ìyá mi jáde. Mo gbé ọjọ́ kan ṣoṣo sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí bíríkìlà sọ: ìṣẹ́jú mélòó ni wọ́n máa lò? Mo sọ fún ara mi pé ọjọ́ kan kò lè pa ògiri lára. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, mo fi ọ̀rá wé ṣùkù àgbàdo kan, mo fi dí ẹnu ọ̀pá náà pinpin. Mo nu àgbàrá náà gbẹ. Mo sún ẹ̀rọ ìránṣọ síwájú rẹ̀. Ìyá mi ń wò mí. Kò ní kí n ṣe é, kò sì ní kí n má ṣe é.

Wọ́n dé ní bí aago mẹ́jọ, Bàbá Àgbà àti Akọ̀wé. Wọ́n ti wẹ̀. Mo gbọ́ ìró omi náà lókè kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀. Bàbá Àgbà fi àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri, ó rìn láti igun dé igun, ó ń fọwọ́ pa á lọ. Ó gbọ́ òórùn ọwọ́ rẹ̀.

"Ó gbẹ," ó wí.

"Ó gbẹ, Bàbá," ìyá mi wí.

"Mo bínú sí yín, mi ò parọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà dára." Ó fara ti ògiri. "Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n ṣe. Akọ̀wé ń gbéyàwó lẹ́yìn Ọdún Àjíǹde. Owó ilé ní Ìkòròdú ti kọjá agbára, ibí sì súnmọ́ ọkọ̀ tó ń wọ̀. Ìyàwó, ẹ máa kó ẹrù yín díẹ̀díẹ̀. A ò lé yín. Ẹ lọ dúró sọ́dọ̀ àbúrò yín ná."

Ìyá mi wà lórí ìkúnlẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti wọlé. Èmi ni mo sọ̀rọ̀. "Bàbá, àwa la tún un ṣe."

"Kí lo wá sọ fún mi lókè lọ́jọ́ yẹn?" Ó yíjú sí mi, ohùn rẹ̀ sì tutù, kò yára. "Ẹni tó bá tún ilé ẹbí ṣe, fún gbogbo ẹbí ló ṣe é. Èmi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ìwọ lo fi ìwé rẹ yé mi. Ẹbí ń dúpẹ́."

Ó tọ̀nà. Ohun tí mo sọ ni. Fún ọdún mẹ́rin tí bàbá mi ti kú, kò sẹ́ni tó du yàrá yẹn mọ́ ìyá mi lọ́wọ́, mo sì ti rò pé àánú ló ń ṣe wọ́n. Àánú kọ́. Nítorí pé ó ń jò ni.

Akọ̀wé ti ń fi ẹsẹ̀ wọn yàrá. "Bẹ́ẹ̀dì á dúró síbí," ó ń sọ fún ara rẹ̀. "Tẹlifíṣọ̀n, lọ́ọ̀kán. Màámi, ẹ má wọ̀rí, màá ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún yín nígbàkúùgbà."

"Ẹ ṣé, ọkọ mi," ìyá mi wí. Ó dìde, ó gbọn yẹ́pẹ́ orúnkún rẹ̀. "Ẹ jẹ́ n gbé ẹ̀rọ yìí kúrò kí ẹ lè wọn ibí yìí náà dáadáa. Ẹ bọ́ sọ́hùn-ún, ẹ súnmọ́ ògiri."

Ó ti ẹ̀rọ ìránṣọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ mú abẹ́rẹ́ tó bọ́, ó sì fa ṣùkù náà yọ.

Omi tó ti ń kó jọ láti ìrọ̀lẹ́ àná jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Kò ṣàn, ńṣe ló ta. Ó bá Akọ̀wé ní ẹsẹ̀ méjèèjì, ó wọ inú bàtà aláwọ rẹ̀, ó kún àgbàrá, ó sì tàn ká ilẹ̀ yàrá. Ó rí eérú, ó ń hó, ó ń rùn bí ọṣẹ tí wọ́n fi wẹ̀ láàárọ̀ yẹn.

Akọ̀wé fò sẹ́yìn. "Màámi, kí lèyí?"

"Ibẹ̀ ló ń gbà jáde, ọkọ mi," ìyá mi wí, ohùn rẹ̀ kò yí padà. "Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Nígbà òjò, ó lè ju báyìí lọ, mi ò tíì mọ̀. Kí ẹ bá ìyàwó wa ra bàtà ràbá. Mo ní ìkólẹ̀ kan tí mo máa fi sílẹ̀ fún un."

"Dádì, mi ò lè kó ìyàwó wọ inú eléyìí."

Omi tó ń hó lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ni Bàbá Àgbà ń wò. Mo mọ̀ pé ó gbọ́ òórùn rẹ̀, torí òórùn ara rẹ̀ ni. Bó bá sọ pé ẹ̀tàn ni, ó ní láti sọ ibi tí omi náà ti wá. Ó wò mí, mo sì wò ó, n ò dorí kodò bí ó ṣe yẹ kí ọmọ dorí kodò.

"Iṣẹ́ ará Ẹ̀pẹ́ nìyẹn," ó wí níkẹyìn. "Àwọn tí wọn ò mọ nǹkan kan ju ẹja lọ." Ó gba àtẹ̀gùn gòkè lọ.

A gbá omi jáde fún bí wákàtí kan. Nígbà tí ilẹ̀ gbẹ, mo rí ìlà tuntun kan, tín-ín-rín, lápá òsì ibi tí wọ́n tún ṣe, tó gùn tó apá mi. Kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀. Mo pe bíríkìlà lórí fóònù, mo jẹ́wọ́ ohun tí mo ṣe. Ó pè mí ní òmùgọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó wá sọ bí mo ṣe máa gbẹ́ ẹ àti iye símẹ́ńtì tí mo máa pò. Fúnra mi ni mo dí i. Kò tíì là mọ́.

Ìyẹn ò pa ìjà náà. Bàbá Àgbà kì í dá wa lóhùn mọ́ bí a bá kí i. Ẹ̀rọ omi ṣì wà ní títì. Ó ń sọ fún gbogbo àdúgbò pé àbúrò ìyá mi ba ògiri òun jẹ́, àwọn méjì tó fẹ́ gbé iṣẹ́ fún un ní Ìkòròdú sì ti yẹ̀ ẹ́. Ìyẹn ń dùn mí ju gbogbo rẹ̀ lọ, torí ògiri náà gbẹ, aṣọ kì í hu mọ́, ikọ́ ìyá mi sì ti dínkù, a ò sì lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mo ti gbìyànjú láti wọn ọ̀rọ̀ náà. Èmi ni mo fi ṣùkù dí òtítọ́. Ìyá mi ṣí i, kò purọ́ kan, síbẹ̀ ohun tí wọ́n gbà gbọ́ lẹ́yìn rẹ̀ kì í ṣe bó ṣe rí. Mi ò tíì mọ èwo nínú àwa méjèèjì ló jẹ̀bi jù. Mo mọ ẹni tó ṣì ń sùn sínú yàrá rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan tó ń ta búrẹ́dì ní etí omi Ìpakodò, tí òun àti ìyàwó Bàbá Àgbà jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà, dá mi dúró. Ó ní, "Mo gbọ́ nípa ilé yín. Ṣé ó ṣì ń jò?"

Mo rò ó díẹ̀ kí n tó dáhùn. Ọ̀pá ràbá náà ń ṣàn nígbà tí mo jáde nílé.

"Ó ń jò, mà," mo wí, mo sì wọ ọkọ̀.